Ayé Ń Lọ, À Ń Tọ̀ Ọ́

Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ju báàgì mi sórí bẹ́ǹṣì, mo sì ké e bí mo ṣe máa ń ké e láti ìgbà ọmọge wa: "Ayé ń lọ o!"

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá lè ní kí ló tún wà nínú ìyẹn. Ẹ fara balẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ aránṣọ la jọ kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà, òun náà la sì jọ ń ṣe títí di òní. Ẹ̀rọ wa méjèèjì kọjú síra wọn, ẹ̀rọ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á jókòó. Ẹni tó bá dé tẹ̀lé e á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké pé "Ayé ń lọ o!" Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn pé "À ń tọ̀ ọ́!", á sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó lè dájú. Bí píìnnì bá kún ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló fi ń dá mi lóhùn. Ìjà ò dí i lọ́wọ́. A lè bú ara wa lánàá títí a fi kan ìyá tó bí wa, tó sì jẹ́ pé ìyá kan náà ni, bó bá di àárọ̀ màá pè é, á sì jẹ́ mi.

Mo tún ké e. Mo rò pé ó ń ṣe yàǹgà fún mi ni, torí a ti fa ọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnnì kan kí a tó pa ṣọ́ọ̀bù dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣeré o, mi ò tíì jẹun." Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i. Orí ẹ̀ wà lórí aṣọ tó ń rán, ojú ẹ̀ là díẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀rọ. Mo pariwo débi pé onígbàjámọ̀ òdìkejì sáré wọlé tòun ti abẹ lọ́wọ́. Òun ló bá mi gbé e sínú ọkọ̀, oníbàárà ẹ̀ tó ti fá lórí dé ààbọ̀ ló sì wa ọkọ̀ náà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ọkùnrin yẹn, bó ṣe ń sáré tòun ti orí tí wọn ò fá tán.

Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà tó gbà á wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò.

"Mà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ náà ti lọ. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù. A pè wọ́n, wọn ò yíjú. A ní kí wọ́n gbé ìka, wọn ò gbé e. Yàrá kan wà lókè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó bá rí báyìí ní ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn. Ibùsùn kan máa ṣófo níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àmọ́ ẹni tó bá lè dáhùn nìkan ni wọ́n ń gbà, torí ẹni tí ò bá dáhùn, kò sí ohun tí wọ́n lè kọ́ ọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá dá èèyàn lóhùn, kó jẹ́ ìka kan péré ni wọ́n gbé, mo máa gbé wọn lọ sókè. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹlòmíì ló máa gba ibẹ̀, ẹ̀yin náà á sì máa gbé wọn lọ sílé."

"Ká gbé e lọ sílé ká wá ṣe kí ni fún un?"

Bàtà ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló ń wò. Ó yé mi. Ilé ni wọ́n ní ká gbé e lọ kó lọ kú sí.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ èmi kì í ṣe ẹni tí ń jókòó kawọ́ gbera. Mo ní kò burú. Bó bá jẹ́ ìdáhùn lẹ̀ ń wá, èmi ni mo mọ ibi tí ìdáhùn ń gbé lára ẹ̀gbọ́n mi. Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè bí ẹni fẹ́ gé aṣọ olówó ńlá.

Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, a ní èdè tiwa nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, èdè tí a ń sọ lórí oníbàárà tí kò ní mọ̀ pé òun là ń sọ. Bí a bá rí ọ̀gá lókèèrè, a ó ní "òjò ti ṣú." Oníbàárà tí kò sí iṣẹ́ tí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, "abẹ́rẹ́" lorúkọ ẹ̀, bó bá ti ń tẹ̀ wọlé ni ẹnì kan á wúkọ́, á ní "abẹ́rẹ́ o, ẹ ṣọ́wọ́." Ọkùnrin tó kàn ń fojú wọn ọmọge lásán láìní ohun kan láti sọ, "teèpù" ni. Bí ọwọ́ bá há, àpò ló ya. Bí inú bá bí èèyàn, okùn ló já. Bó bá sì di ìta, ẹnu wa tún ń dùn sí i. Kò sí bóbó tó máa múra bí ọmọ gbáfẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa tí ẹ̀gbọ́n mi ò ní fún lórúkọ. Ẹlẹ́nu mímú ni. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan, tí àwa yòókù á sì máa fi orí gbá tábìlì torí ẹ̀rín.

Mo wá ń sọ gbogbo ẹ̀ fún un lórí ibùsùn yẹn. Mo tẹ̀ sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ti ṣú o, ọ̀gá ń bọ̀, ẹ gbé iṣẹ́ yín sọ́wọ́." Rárá. "Ẹ̀gbọ́n mi, teèpù yẹn tún ti dé, ó wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń ṣe fáàrí." Kò mira. "Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ní ọrùn aṣọ òun fún òun, ó ní ẹ̀yin lẹ rán an." Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ omi tí wọ́n fà sí i lára kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ògiri.

Bí mo bá ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, màá wá ké olórí wọn. "Ayé ń lọ o!" Màá fetí sílẹ̀ sí èémí ẹ̀. Èémí ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí ẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ohùn mi há. Mo mu omi gbígbóná, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìgbà yìí, Tínrín ò la ẹnu.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí nìyẹn, obìnrin ni. Ó ti ju ogún ọdún lọ, ó gùn, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Tínrín. Ó ń tún fóònù ṣe ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá ibùdókọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lápá ibi ẹsẹ̀ ibùsùn, á ní "Ẹ káàsán mà," á sì jókòó, á ki ọwọ́ méjèèjì sí àárín itan. Kò ní pe ìyá ẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi gan-an. Mo ní ṣé irú ọmọ rèé? Ìyá ń kú lọ, ọmọ ń wo ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tẹ́!

Àmọ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ yìí kì í kí ìyá ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá. Á kù gìrì wọ ṣọ́ọ̀bù, á na ìka sí i, á ní "Ìdán!" Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá, ẹni tí ń ṣe ohun tí apá ẹlòmíì ò ká. Bí ìyá ẹ̀ bá gé aṣọ láìfi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, Tínrín á ní "Ìdán gan-an gan-an!" Bí iṣẹ́ bá pọ̀, á ní "Ọmọ, ó pọ̀!" Bí kò bá lówó, sàpá ló mú un. Bí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá fi ìlú sílẹ̀, ó ti já pa nìyẹn. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fajú ro. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wa kan wà níbẹ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, abẹ́rẹ́ paraku. Tínrín wọlé, kò rí obìnrin náà, ó ké "Ìdán!" Olùkọ́ yẹn bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ṣé ọmọ yín ló ń kí yín báyẹn?"

Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì í kọjá bó ṣe yẹ. Ó yí sí ọmọ náà, ó ní, "Èmi ni o ń pè ní ìdán? Ṣé onídán ni mí? Ṣé o ti rí mi kí n máa yọ ehoro nínú fìlà rí? Èdè àwọn ọmọ ìta ni o fẹ́ máa bá mi sọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Bó bá jẹ́ pé bó o ṣe máa sọ̀rọ̀ sí mi nìyẹn, má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọmọ náà ní "Ẹ máa bínú mà." Ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káalẹ́ mà" ló kù. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ti jìnnà sí ìyá ẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ìlú mìíì. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé ó dun òun. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ká aṣọ, kò mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ó ní, "Ìdán." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "Ìdán kẹ̀." Ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ilé yẹn ti dákẹ́ jù." Mo ní kí lẹ wí? Ó ní òun ò sọ̀rọ̀.

Ẹ sì wò ó, kí ni ìyá tiwa náà ò ṣe fún wa? Ó gbọ́ "Ayé ń lọ o" lẹ́nu mi rí, mo fi kí i láìronú, ó sì fi ìgbálẹ̀ lé mi yí ilé ká. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Èdè àwọn ọmọ ìta!" Ọ̀rọ̀ kan náà, kò yọ kan, kò fi kan kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ló dì mọ́ ìyá wa lẹ́yìn lọ́jọ́ náà kó má baà rí mi nà.

Lọ́jọ́rú, sùúrù mi tán. Mo fa Tínrín jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé odi ni ẹ́? Bí ìyá ẹ bá kú, ta lo máa kí mọ́? O ò lè pè é? O ò lè ṣe bí ọmọ?"

Ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọmọge. Ẹkún ọmọdé ni, ikun ń dà nímú ẹ̀, ó ń fi apá aṣọ nù ún.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n má bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́ bí mo bá máa sọ ọ́ báyẹn. Mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ ọ́ bíi tiyín. Bí mo bá ní 'ẹ káàárọ̀ mà,' kò dà bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn náà mọ̀ pé èmi kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá pè wọ́n bí mo ṣe ń pè wọ́n, inú á bí wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á tún ru. Bóyá èmi ni mo fà á, Àǹtí. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ wọ́n nínú."

Okùn tó ti já nínú mi, ó kàn dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo ní, "Ìwọ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìdílé wa ni. Ìyá wa náà ní in." Ó ń wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mo ń pa. Mo ní kó fọ ojú ẹ̀. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, omi ń ya sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí tì í.

Mo wá ní, "Ó dáa, kọ́ mi. Èmi màá sọ ọ́ sí i. Èmi ò bẹ̀rù ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?"

"Ẹ kàn máa ní, 'Ọmọ, ó pọ̀.'"

"Kí ló pọ̀?"

Ó rò ó. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀."

Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Gbogbo èdè tí a fi ń yọ̀ nígbà tiwa, a ò ní èyí tó bọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀. Mo padà sí ẹ̀bá ibùsùn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ, ó pọ̀ o. Sàpá ti mú mi, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, àwọn abẹ́rẹ́ ń pè mí lórí fóònù, ẹ̀yin sì fẹ́ já pa." Tínrín ní, "Àǹtí, wọn kì í lò ó fún ẹni tó ń…" Kò parí ẹ̀. Nǹkan kan jáde lẹ́nu wa tó fẹ́ jọ ẹ̀rín, ló bá di ẹkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà wá. Ó fi iná kékeré wo ojú ẹ̀, ó tẹ èékánná ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní "Mà, ẹ di ọwọ́ mi mú." Mo ń gbàdúrà sí ìka yẹn. Mo ń bá ìka sọ̀rọ̀, èmi àgbàlagbà: ìka, jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Ìka sùn sórí aṣọ funfun. Dókítà ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á wá wò ó nígbà ìkẹyìn, a sì lè máa wá ọkọ̀ sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Ọmọ tí mo lè bí ni, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ẹ ò mọ obìnrin yìí ni. Kò jẹ́ kí ìpè kan bọ́ sílẹ̀ rí láyé ẹ̀." Ó gbé mi dìde, ojú tì í. Ó ní kì í ṣe òun ló ni ibùsùn náà. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan wà nísàlẹ̀ tó ti ń la ojú, tó ń gbé ọwọ́, tí wọ́n ń dúró dè é. Mo bú ìyá ọlọ́mọ méjì yẹn nínú mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nínú mi. Mi ò rò pé mo ti ní ìrètí tó kéré bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ sílé, mo gbá yàrá ẹ̀, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ara mi, mo sì jókòó sórí ẹ̀ bí aláìlẹ́nìkan.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Dókítà dé, ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, wọ́n ń ti ibùsùn onítáyà. Tínrín ti wà níbẹ̀, ó dúró sí ibi ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Dókítà pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó gbé ìka, kó la ojú, kó di òun mú. Kò sí. Ó wò mí. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin náà ẹ pè wọ́n."

Mo pè é. Mo fi gbogbo ohùn tó kù lára mi pè é. "Ayé ń lọ o! Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ń lọ o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fi wá sílẹ̀!" Ohùn mi já ní àárín. Àwọn aláìsàn yòókù ń wò wá. Kò sí nǹkan kan.

Dókítà mi orí sí àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n ti di aṣọ ibùsùn mú lápá kan tí orí mi fi gbóná. Mo gbá Tínrín lápá mú, mo wọ́ ọ wá sí ibi orí. "Pè é!"

"Àǹtí, inú á bí wọn."

"Kí ó bí i! Ọlọ́run mi, kí inú ṣáà bí i! Ṣé o rò pé mo bìkítà? Bó bá bínú, ó ti dáhùn nìyẹn! Pè é bí o ṣe ń pè é."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ìdán."

"Sókè!"

"Ìdán!" Ó ké e bó ṣe ń ké e nígbà tó bá ń kù gìrì wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. "Màámi, Ìdán! Ìdán gan-an gan-an! Ọmọ, ó pọ̀, Màámi! Mo ti ń dákẹ́, kò rọrùn fún mi! Ìdán!"

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹ̀.

Aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi mì. Mo rò pé ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló kàn án. Ó tún mì. Ẹsẹ̀ òsì, èyí tí àrùn ò mú. Gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, gìgísẹ̀, ọmọ ìka, ó ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ ọ. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo figbe ta.

Dókítà ní, "Ẹ dúró. Ó lè jẹ́ iṣan lásán. Ẹ tún pè wọ́n."

Mo sáré síwájú, èmi ni mo tún pè é. "Ayé ń lọ o!" Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. Mo tún pè é. Jẹ́ẹ́. Ó dùn mí o. Mi ò ní fi bò. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń pe obìnrin yìí.

Dókítà nawọ́ sí Tínrín.

"Ìdán," ni Tínrín wí.

Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Dókítà ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí ọmọ náà dákẹ́, ẹsẹ̀ dákẹ́. Ó ní kó pè é, ẹsẹ̀ jẹ́ ẹ. Ó ṣe é títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá yíjú sí àwọn ọkùnrin náà, ó ní, "Òkè ni ẹ ń gbé wọn lọ." Mo rántí ìyá ọlọ́mọ méjì yẹn. Mo rántí ẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Tínrín di etí ibùsùn mú, omi ojú ń dà sílẹ̀ lójú ẹ̀. "Àǹtí, ṣé èmi ni wọ́n dá lóhùn?"

"Ìwọ ni."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù ni, ó mọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn ń sọ. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní àwọn ń tọ̀ ẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Ọmọ náà wà níwájú, ó ń ké "Ìdán" ní gbogbo kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì àti bàtà ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo ń sunkún, mo sì ń bá ọkùnrin tó ń ti ibùsùn jà pé kó rọra, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá òkè, Tínrín ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ pè wọ́n bí mo ṣe ń pè wọ́n." Mo ní ṣé irú èmi? Àmọ́ mo tẹ̀ sí i létí, mo gbé ìgbéraga mi mì, mo ní, "Ìdán."

Ẹsẹ̀ ò mì. Ẹnu ẹ̀ tó ti yẹ̀ yẹn ló fà díẹ̀, ó sì pòṣé. Ó kéré, àmọ́ òṣé ni, ojúlówó, èyí tó máa ń ṣe sí mi bí mo bá gé aṣọ oníbàárà lódìlódì. Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ látọjọ́ náà nìyẹn. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," mo sì bá wọn ṣílẹ̀kùn.